Ọmọ Bi Ọmú, Imú Ọmọ Dí: Ẹ̀kọ́ Ìtàn Láti Iléṣà Dé Peckham

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó wá sí ìlú òyìnbó láti gba ìwé-ẹ̀rí, tí Ọlọ́run sì fi ọmọ ta á lọ́rẹ kí ìwé-ẹ̀rí náà tó jáde. Nítorí náà, mo rò pé kì í ṣe ìtìjú bí mo bá lo àyè ìtàn tí Akọ̀wé ẹgbẹ́ wa yà fún mi láti sọ̀rọ̀ nípa ọmú tí ọmọ ọwọ́ ń bì, àti ọ̀fìnkìn tí í máa dí i nímú. Ọ̀rọ̀ kékeré ni lójú ẹni tí kò tí ì bímọ. Ẹni tí ó bá ti jókòó ti ọmọ ọ̀sẹ̀ márùn-ún ní aago mẹ́ta òru, tí ó ń gbọ́ bí èémí rẹ̀ ṣe ń dún nínú ikun, mọ̀ pé kò sí ọ̀rọ̀ tí ó tóbi jù ú lọ ní wákàtí náà.

Ohun tí ó mú mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Nínú òtútù oṣù kìn-ín-ní, nínú ilé kan lẹ́yìn Rye Lane ní Peckham, ọmọkùnrin wa pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Kò sí ìgbà tí ó mu ọmú tán tí díẹ̀ kì í padà wá, nígbà mìíràn láti ẹnu, nígbà mìíràn láti imú. Lẹ́yìn náà ni ọ̀fìnkìn tún mú un. Màmá mi, ọmọ Iléṣà, ti ti ilé dé láti bá mi tọ́jú ọmọ. Ó gbé ọmọ náà dojú bolẹ̀ lórí ibùsùn, ó ní bí ó bá tún bì, kí ó lè ṣàn jáde, kí ó má baà dí i ní èémí. Nọ́ọ̀sì tí ó máa ń bẹ àwọn ìyá ọlọ́mọ tuntun wò nílé wọlé, ó rí i, ó sì yí ọmọ padà. Ó ní ẹ̀yìn ni kí gbogbo ọmọ ọwọ́ fi máa lélẹ̀ bí wọ́n bá ń sùn. Màmá mi wò ó títí ó fi jáde. Ó wí fún mi pé, "Ọmọ mẹ́rin ni mo tọ́. Ọmọbìnrin yìí kò tí ì tọ́ ọ̀kan." Ó tún dojú ọmọ bolẹ̀. Ó sì mú ìgò Gripe Water kan àti ìgò àgbo kékeré kan jáde nínú àpótí rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi, tí ó ti ń gbé ní àdúgbò yìí láti ọdún 1979, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Peckham, wà ní ìjókòó. Kò sọ nǹkan kan. Èmi tí mo ń kọ́ ìmọ̀ ìtàn ní yunifásítì kò mọ ẹni tí ǹ bá gbọ́ tirẹ̀. Ni mo bá ṣe ohun tí wọ́n kọ́ mi láti máa ṣe: mo lọ wo ibi tí ìmọ̀ràn kọ̀ọ̀kan ti ṣẹ̀ wá.

Ohun tí ó ń ṣe ọmọ

Kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Ẹran-ara tí ó ń pa ẹnu àpò-oúnjẹ dé kò tí ì lágbára lára ọmọ tuntun, àpò náà kéré, omi sì ni gbogbo oúnjẹ rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọmú fi ń padà wá. Àwọn dókítà ilẹ̀ yìí sọ pé, ó kéré tán, ọmọ 40 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, pé ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, àti pé ọmọ mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni ó ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó pé ọdún kan. Ní ti ọ̀fìnkìn, imú ni ọmọ kékeré fi ń mí jù lọ. Bí imú bá dí, kò lè mu ọmú kí ó sì máa mí lẹ́ẹ̀kan náà. Yóò gbé atẹ́gùn mì pọ̀ mọ́ ọmú, atẹ́gùn náà yóò sì ti ọmú jáde. Èyí ni ó jẹ́ kí àìsàn méjèèjì máa rìn pọ̀ bí ìbejì.

Àwọn ìyá wa

Àwọn ìyá wa kò dúró de dókítà kí wọ́n tó mọ àìsàn yìí. Wọ́n ń fi òrí pa àwùjẹ̀ ọmọ kí òtútù má baà wọ ibẹ̀. Wọ́n ń fi ẹnu ara wọn fa ikun kúrò nímú ọmọ. Bí ọmọ bá mu ọmú tán, wọ́n á gbé e lé èjìká, wọ́n á máa fọwọ́ gbá a lẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí yóò fi gùfẹ̀. Ó sì pẹ́ kí wọ́n tó gba ọmú lẹ́nu rẹ̀. Nínú gbogbo èyí, ohun tí dókítà òde òní lè bá jà kò pọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́. A tún máa ń rọ ọmọ. Ìyá yóò gbé ọmọ lé itan, yóò fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe ìdè sí i lẹ́nu, yóò da àgbo tàbí ẹ̀kọ mímu sí i, nígbà mìíràn yóò tún di imú ọmọ kí ó lè gbé e mì. Ọmọ tí imú rẹ̀ ti dí tẹ́lẹ̀, tí ń ké, tí ń wá èémí, ni a ń da omi sí lọ́nà ọ̀fun. Bí omi náà bá ṣìnà wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, òtútù àyà ni ó ń dà. Bí ara ọmọ bá sì gbóná, ẹ̀rù gìrì a dé. Ní apá ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, wọ́n ń po ìtọ̀ màlúù mọ́ ewé tábà, aáyù, efinrin àti àlùbọ́sà, wọ́n sì ń fún ọmọ tí gìrì mú mu. Àwọn oníwádìí ìṣègùn ní Nàìjíríà yẹ oògùn yìí wò láàrin ọdún 1970 sí 1990, wọ́n sì rí i pé ó ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ lọ sílẹ̀ títí yóò fi ṣe ọpọlọ ní jàǹbá. Gìrì ì bá lọ fúnra rẹ̀ lára ọ̀pọ̀ ọmọ; oògùn gìrì ni kì í lọ.

Òyìnbó náà ní àgbo

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwa nìkan ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí ọdún 200 sẹ́yìn, àwọn ìyá tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ ń ra oògùn kan tí à ń pè ní Godfrey's Cordial fún ọmọ tí ń ké. Opium ni ó wà nínú rẹ̀. Ọmọ á sùn fọnfọn, àwọn mìíràn kò sì jí mọ́. Ọdún 1868 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Britain tó ṣe òfin lórí ẹni tí ó lè ta opium.

Gripe Water tí màmá mi gbé wá náà, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni. Apòògùn kan ní ìlú Nottingham, William Woodward, ni ó ṣe é ní ọdún 1851. Ó fi òróró ewé dill, sodium bicarbonate, ṣúgà àti ọtí pò ó pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ọtí. Oògùn náà bá àwọn òyìnbó rìn dé gbogbo ibi tí àsíá wọn dé, ó sì wọ ilé wa tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ìyá kò fi mọ̀ ọ́n sí oògùn àjèjì mọ́. Ọdún 1992 ni wọ́n tó yọ ọtí kúrò nínú rẹ̀ ní Britain níhìn-ín. Nígbà tí mo sọ èyí fún màmá mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Abájọ tí gbogbo yín fi ń sùn dáadáa."

Àwòrán méjì tí ó yàtọ̀

Títí dé ibí yìí, nǹkan kan náà ni aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun ń ṣe. Wọ́n rí ohun tí ó ń jáde lára ọmọ, ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n sì wá ohun tí wọn yóò dà sí ọmọ lẹ́nu. Àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe ohun mìíràn tí mo lè tọ́ka sí, ọ̀kan wà ní ẹ̀bá ilé mi níhìn-ín, èkejì wà ní ẹ̀bá Iléṣà.

Ní ọdún 1926, àwọn dókítà méjì, Innes Pearse àti George Scott Williamson, ṣí ilé ìlera kan sí Queen's Road ní Peckham. Ní 1935 wọ́n kó lọ sí ilé ńlá kan ní St Mary's Road, tí Owen Williams ya àwòrán rẹ̀, tí ó ní odò ìwẹ̀ láàrin. Àwọn ìdílé tí ó wà ní itòsí ń san ṣílè kan ní ọ̀sẹ̀, tọkọ-taya àti ọmọ. Iṣẹ́ àwọn dókítà náà ni láti máa wo àwọn tí ara wọn le, kí wọ́n lè mọ bí ìlera ṣe rí, láti inú oyún títí ọmọ yóò fi dàgbà. Wọn kò ta oògùn. Ilé náà kógbá sílé ní 1950, ṣùgbọ́n ó ṣì dúró. Ilé gbígbé ni ó dà lónìí. Mo máa ń ti ọmọ mi kọjá níbẹ̀.

Ní ọdún 1956, ọdún mẹ́fà lẹ́yìn tí ti Peckham kógbá sílé, dókítà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ David Morley dé sí ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Ó wà níbẹ̀ títí di 1961. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, òun àti àwọn nọ́ọ̀sì tẹ̀lé àwọn ọmọ tí a bí sí ìlú náà láti ìgbà ìbí wọn, wọ́n ń wọ̀n wọ́n, wọ́n ń kọ àìsàn wọn sílẹ̀. Láti inú iṣẹ́ yìí ni káàdì tí à ń pè ní Road to Health ti jáde, tí à bá pè ní Ọ̀nà Ìlera. A ń fi àmì sí ìwọ̀n ọmọ lórí káàdì náà ní oṣooṣù, ìlà náà yóò sì máa gòkè bí ọmọ bá ń dàgbà bí ó ti yẹ. Ìyá ni ó ń tọ́jú káàdì náà nínú àpò ọ̀rá ní ilé ara rẹ̀. Ìyá tí kò kàwé rárá lè rí i bóyá ìlà ọmọ òun ń gòkè tàbí ó ti dúró. Morley padà sí London, ó kọ́ àwọn dókítà láti ilẹ̀ púpọ̀ ní Institute of Child Health, káàdì náà sì tàn kálẹ̀ ayé. Ó kú ní 2009.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ohun tí Ìmẹ̀sí-Ilé kọ́ ayé nìyí: má ṣe fi ohun tí ó jáde lẹ́nu ọmọ ṣe ìdájọ́, fi ìwọ̀n rẹ̀ ṣe é. Ọmọ tí ń bi ọmú tí ìlà rẹ̀ sì ń gòkè, aṣọ ni ó ń bà jẹ́, kò ní àìsàn. Ọmọ tí ìlà rẹ̀ dúró ni kí a gbé sáré. Nígbà tí nọ́ọ̀sì fún mi ní ìwé pupa tí a fi ń kọ ìdàgbà ọmọ ní ilẹ̀ yìí, tí ó ní kí n máa tọ́jú rẹ̀ sílé, tí mo ṣí i dé ojú ewé tí àwọn ìlà náà wà, mo fi han màmá mi. Mo ní, "Ẹ wò ó, mọ̀lẹ́bí káàdì Ìjẹ̀ṣà ni èyí." Inú rẹ̀ dùn. A wọn ọmọ. Ìlà ń gòkè.

Ọ̀rọ̀ dídojú bolẹ̀

Ó wá ku èyí tí ó ṣòro jù. Ta ni ó kọ́kọ́ sọ pé kí a dojú ọmọ bolẹ̀? Mo ti rò pé àṣà wa ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Láàrin ọdún 1950 sí 1960 ni ìwé Benjamin Spock ti Amẹ́ríkà, tí ó wà nínú àwọn ìwé ìtọ́jú ọmọ tí a kà jù lọ ní ayé, bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn ìyá nímọ̀ràn pé kí ọmọ máa fi inú sùn. Ẹ̀rù pé ọmú tí ọmọ bì yóò dí i ní èémí wà nínú ìdí rẹ̀. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n tún rí i pé àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé ń mí dáadáa bẹ́ẹ̀, ni wọ́n bá mú un lò fún gbogbo ọmọ. Àwọn nọ́ọ̀sì ilẹ̀ yìí náà kọ́ ọ, wọ́n sì fi kọ́ àwọn ìyá.

Ẹ̀rù náà kò ní ìdí. Bí ọmọ bá fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ọ̀nà èémí wà lókè, ọ̀nà oúnjẹ wà nísàlẹ̀. Ọmú tí ó bá padà wá yóò rọra ṣàn sísàlẹ̀, ọmọ yóò gbé e mì. Bí ó bá dojú bolẹ̀, ọ̀nà èémí ni ó wà nísàlẹ̀ tí ń dúró dè é. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójú oorun ní ikú òjijì tí àwọn òyìnbó ń pè ní cot death. Ní oṣù kejìlá ọdún 1991, lẹ́yìn ìwádìí Peter Fleming àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bristol, àti ariwo tí Anne Diamond, oníṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tí ọmọ tirẹ̀ kú ní ọdún náà, pa, ìjọba Britain bẹ̀rẹ̀ ìpolongo Back to Sleep. Láàrin ọdún díẹ̀ ni iye àwọn ọmọ tí ń kú bẹ́ẹ̀ dín kù ju ìlàjì lọ.

Ní 2005, Ruth Gilbert àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ní Institute of Child Health kan náà tí Morley ti kọ́ni, padà ka gbogbo ìwádìí àtijọ́. Wọ́n ní ẹ̀rí ti tó láti ọdún 1970, bí ẹnìkan bá ti kó o jọ. Ó ju 10,000 ọmọ lọ ní Britain nìkan tí wọn ì bá má kú.

Mo ka èyí sókè ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan nínú yàrá wa. Ìgbà náà ni Màmá Peckham sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ní 1985, nọ́ọ̀sì ni ó ní kí n dojú rẹ̀ bolẹ̀. Ó pé oṣù mẹ́ta." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi kò tilẹ̀ mọ̀ rí pé ó ti bí ọmọ kan ṣáájú àwọn tí mo mọ̀. Ó dìde, ó wọ inú yàrá, ó fi ẹ̀yìn ọmọ mi lélẹ̀. Màmá mi kò bá a jà. Láti òru ọjọ́ náà, òun gan-an ni ó ń dìde lọ wò ó bóyá ẹ̀yìn ni ó fi sùn.

Ẹ má ṣe dá Màmá Peckham lẹ́bi. Ó tẹ̀lé ìmọ̀ tí ó dára jù lójú àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà náà. Kì í sì í ṣe gbogbo ọmọ tí ó sùn bẹ́ẹ̀ ni ó kú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí wa sùn bẹ́ẹ̀, wọ́n sì dàgbà. Ṣùgbọ́n nínú ọmọ tí ó pọ̀, ewu kékeré ń di òkú púpọ̀.

Ìgò aládùn

Kí n tó kásẹ̀ ọ̀rọ̀ nílẹ̀, mo fẹ́ rán wa létí oògùn olómi dídùn tí a máa ń rà fún ikọ́ àti ọ̀fìnkìn. Omi olóró kan wà tí ń jẹ́ diethylene glycol, tí ó dùn lẹ́nu, tí ó sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Láti 1937, nígbà tí ó pa ènìyàn tí ó ju ọgọ́rùn-ún lọ ní Amẹ́ríkà, ni ayé ti mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, ó pa ọmọ 47 ní Jos ní 1990. Ní 2008 sí 2009, ó wà nínú oògùn eyín ọmọ tí ń jẹ́ My Pikin, ọmọ 84 ni ó kú ní Nàìjíríà. Ní 2022, bí ọmọ 70 kú ní Gambia lẹ́yìn oògùn ikọ́ àti òtútù. Bí kò bá tilẹ̀ sí olóró nínú ìgò, kò sí ẹ̀rí pé àwọn oògùn wọ̀nyí ń wo ọ̀fìnkìn ọmọ kékeré. Ní 2008, àwọn aláṣẹ Britain ní kí a má fún ọmọ tí kò pé ọdún méjì; ní 2009 wọ́n sún un dé ọdún mẹ́fà.

Kí ni kí a máa ṣe nígbà náà? Ohun tí àwọn ìyá wa mọ̀ kí ìgò tó dé, pẹ̀lú ohun tí a ti rí kọ́ lẹ́yìn wọn. Fún ọmọ ní ọmú díẹ̀díẹ̀, lóòrèkóòrè. Gbé e nàró lẹ́yìn ọmú títí yóò fi gùfẹ̀, má sì yára tẹ́ ẹ sílẹ̀. Bí imú bá dí, kán omi iyọ̀ tí wọ́n ń tà ní ilé egbòogi sí i, ẹ̀kán kan tàbí méjì, kí o tó fún un lọ́mú, kí o sì fa ikun náà. Má fún un ní àgbo, Gripe Water, oyin tàbí oògùn ikọ́. Má rọ ọ́. Má jẹ́ kí a mu sìgá nínú ilé. Fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀ lórí ibùsùn tirẹ̀ bí ó bá fẹ́ sùn.

Àmọ́ bí ọmọ tí kò pé oṣù mẹ́ta bá gbóná dé 38 lórí ìwọ̀n Celsius, bí èébì rẹ̀ bá jẹ́ àwọ̀ ewé tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀, bí ó bá ń ta èébì jáde pẹ̀lú agbára lẹ́yìn ọmú gbogbo, bí ìhà rẹ̀ bá ń wọlé bí ó ti ń mí, bí ó bá kọ ọmú, tí ìlédìí rẹ̀ sì gbẹ, tàbí bí ìlà rẹ̀ kò bá gòkè mọ́, má dúró gba ìmọ̀ràn lẹ́nu ẹnikẹ́ni nínú ilé. Gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ní ilẹ̀ yìí, 111 ni kí o pè. Bí kò bá lè mí, 999 ni.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Màmá mi ti padà sí Iléṣà. Ìgò méjèèjì rẹ̀ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi, ẹnikẹ́ni kò ṣí wọn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó fi ń gbé ọmọ lé èjìká, tí ó sì ń gbá a lẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ti fi kọ́ mi, mo sì ń lò ó lójoojúmọ́. Ọmọ náà ń dàgbà. Ó ṣì ń bì díẹ̀díẹ̀, ojú ewé kejì ìwé ìwádìí mi sì lè jẹ́rìí sí i.

Kí Ọlọ́run bá wa wo àwọn ọmọ wa ní ilé àti ní àjò. Ó dìgbà kan ná.